Sàláàdì eléso tòun ti wàrà nígbà ooru: ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá mi dá sí i

Adùkẹ́_Kábà
Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ooru yìí. Ooru Kábà kò mojú ẹnìkankan mọ́. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, páànù ti ń dún pàà lórí ilé.

Àwọn ará ilé ọkọ mi ń bọ̀ wálé fún Àjíǹde, láti Àbújá, láti Èkó, àwọn kan láti Ìlọrin. Tí a bá ka àwọn ọmọ mọ́ ọn, wọ́n á tó 20. Ti iyán kò nira, ti ìrẹsì náà kò nira, àwọn ìyàwó ilé pọ̀ tí a ó jọ ṣe é. Ohun tí èmi fúnra mi fẹ́ fi kún un ni sàláàdì eléso, irú èyí tí mo ń rí lórí fóònù, tí wọ́n gé wọ́tàmẹ́lọ̀n wẹ́wẹ́ tí wọ́n wá fọ́n ṣíìsì funfun lé e lórí. Lẹ́yìn iyán ọ̀sán nínú ooru báyìí, mo rò pé nǹkan tútù bẹ́ẹ̀ á bá ara mu.

Mi ò tíì rí ṣíìsì òyìnbó rà ní Kábà, bí mo bá sì rí i, owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Wàrà ló wà. Ṣé wàrà lè ṣe iṣẹ́ yẹn? Èso wo ló bá a rìn, èwo ni kò bá a rìn? Kí ni mo máa bù sí i tí kò fi ní tẹ́ lẹ́nu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa, ẹ má ní kí n gbé e sínú fíríìjì mọ́jú.

Àkàndé_Ẹ̀gbẹ̀
Wàrà àti wọ́tàmẹ́lọ̀n nínú abọ́ kan náà! Wàrà tí èmi mọ̀, inú òróró gbígbóná ló ń lọ, láti ibẹ̀ ó bọ́ sínú ata. Mo ti fa àga mi jókòó, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Màmá_Ìsánlú
Adùkẹ́ ọmọ mi, ọ̀kun o. Má dá Àkàndé lóhùn. Wàrà wa dára fún ohun tí o fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n bí o ṣe rà á àti ohun tí o ṣe sí i kó tó kan èso, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Èyí tí wọ́n sè láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí o rà. Tí oníwàrà bá ṣí igbá, wo omi tó wà nínú rẹ̀ kí o tó wo wàrà. Omi náà gbọ́dọ̀ ṣàn geerege, kó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ tó ń lọ sí pupa rúsúrúsú. Bó bá ti ń fà, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ti àná ni, àbí ti ìjẹta. Mú ẹyọ kan, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: tuntun á tẹ̀ wọlé díẹ̀, á sì padà sípò, èyí tó ti pẹ́ á máa já mọ́ ọ níka. Gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú, má tijú. Òórùn mílíìkì ló yẹ kó ní, pẹ̀lú kíkan díẹ̀. Bí kíkan yẹn bá gba imú, fi í sílẹ̀ fún un, bó ti wù kí ó dínwó tó.

Sọ fún oníwàrà rẹ ṣáájú pé èyí tó le lo fẹ́. Àwọn obìnrin gáà, ibùdó àwọn Fúlàní darandaran, mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: wọ́n á jẹ́ kó pẹ́ nínú ajọ̀ kí omi rẹ̀ lè ro dànù dáadáa. Wàrà rírọ̀ dùn ún jẹ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí o bá kó o mọ́ èso, á fọ́ wẹ́wẹ́, abọ́ rẹ á sì di nǹkan bí ògì.

Tí o bá gbé e délé, gé e sí wẹ́wẹ́, kó má ju orí àtàǹpàkò lọ. Gbé omi kaná, ife mẹ́rin sí ṣíbí ìjẹun iyọ̀ kan. Bó bá ti hó, kó wàrà sí i, jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í yọ́ bíi ti òyìnbó, nítorí náà má bẹ̀rù. Sọ ọ́ kalẹ̀, kí o sì fi wàrà náà sínú omi iyọ̀ yẹn títí á fi tutù. Wàrà tí wọ́n ń tà kò ní iyọ̀ kankan nínú, òun ló fà á tí àwọn tó ń kó o bẹ́ẹ̀ lé orí èso fi ń sọ pé kò dùn.

Nọ́ọ̀sì_Mòpà
Mo fọwọ́ sí ti Màmá, pàápàá síse yẹn. Wàrà fúnra rẹ̀ ti rí iná nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Omi tí wọ́n bù bò ó lẹ́yìn náà, igbá, ọwọ́ tó ń mú un fún oníbàárà, eṣinṣin ojú ọ̀nà, ìyẹn ni kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Mílíìkì tí kò rí iná tó lè gbé àìsàn brucellosis àti ikọ́ ife ti màlúù wọ ara ènìyàn. Bí aboyún bá wà nínú àwọn àlejò, ẹ má ṣe fún un ní wàrà tí ẹ kò tún sè. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní listeria, ó lè ba oyún jẹ́.

Ti àkókò ńkọ́? Oúnjẹ tó bá ní wàrà àti èso gígé nínú kò gbọdọ̀ wà níta láìsí yìnyín ju wákàtí méjì lọ. Bí ooru bá ti kọjá 32°C, wákàtí kan ni. Lóṣù kẹta àti ìkẹrin ní agbègbè wa, wákàtí kan yẹn ni kí ẹ máa fi sọ́kàn.

Ẹ fọ èèpo wọ́tàmẹ́lọ̀n pẹ̀lú ọṣẹ àti omi kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ilẹ̀ ló sùn sí látìgbà tó ti wà lóko títí tó fi dé ọjà, ọ̀bẹ tó bá gba èèpo ẹlẹ́gbin kọjá ló ń tì í wọ inú pupa. Ọjọ́ ọdún sì ni, ẹ ó máa pa adìyẹ. Pátákó tí ẹ gé adìyẹ lé kò gbọdọ̀ rí èso. Ẹ gbé e jìnnà síra wọn pátápátá, kì í ṣe kí ẹ ṣan án lásán.

ỌmọYàgbà_Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Àǹtí Adùkẹ́, ṣíìsì tí ẹ rí lórí fóònù yẹn, ó jọ pé feta ni. Ti àwọn ará Gíríìsì ni. Mílíìkì àgùntàn ni wọ́n ń fi ṣe é, wọ́n sì lè po ti ewúrẹ́ mọ́ ọn bí kò bá ti ju 30 nínú 100 lọ. Láti 2002 ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi orúkọ náà sílẹ̀ fún Gíríìsì nìkan. Inú omi iyọ̀ ló ń gbé títí wọ́n fi ń tà á, ó sì níyọ̀ gan-an. Níbí, láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni ìgbà ooru, nígbà náà ni wọ́tàmẹ́lọ̀n pọ̀, tí wọ́n ń gé e pẹ̀lú feta, ewé míǹtì, òróró ólífì àti ata dúdú lílọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń fi strawberry tàbí peach ṣe é.

Ohun tó ń mú un dùn ni iyọ̀ tó ń pàdé súgà èso. Ẹ wá rí i pé omi iyọ̀ tí Màmá sọ yẹn kì í ṣe àfikún, òun gan-an ni sàláàdì. Bí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú omi iyọ̀ náà lẹ́yìn tó bá ti tutù, tí wàrà sì wà níbẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, á ní kíkan díẹ̀ bíi ti feta.

Nígbà tí wàrà bá ń wù mí jẹ, ṣíìsì kan tí wọ́n ń pè ní halloumi ni mo máa ń rà níbí. Ti Sáípírọ́ọ̀sì ni. Òun náà kì í yọ́ lórí iná, ẹ lè yan án, ẹ lè dín in. Wàrà sún mọ́ ọn ju feta lọ. Nítorí náà, Àǹtí, ẹ lè yan wàrà yín lórí páànù títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù kó tó bá èso pàdé. Òróró ṣíbí kan tó o.

Àkàndé_Ẹ̀gbẹ̀
Òróró ti dé. Ata ló kù.

Bàbá_Oníkajú_Ìyàrà
Ẹ ti sọ̀rọ̀ títí, kò sí ẹni tó dárúkọ kajú. Ọmọ Kogí ni yín ṣá? Wọ́tàmẹ́lọ̀n tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láti òkè ọya lẹ ń ná owó lé lórí, èso kajú sì ń bàjẹ́ lábẹ́ igi láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, nítorí pé kóró rẹ̀ nìkan ni àwọn oníṣòwò ń bọ̀ wá rà. Àjíǹde bọ́ sí àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ yẹn ni kí ẹ ṣà, pupa tàbí olómi-ọsàn, èyíkéyìí tí kò fọ́ lára. Ẹ lọ́ kóró kúrò nídìí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ kan kóró náà rárá: òróró dúdú wà nínú èèpo rẹ̀ tó ń jó ẹnu àti ọwọ́, bí ó bá kan èso, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ wá gé èso náà ní òbìrí-òbìrí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ sẹ́ ẹ. Gbígbẹ tó máa ń há ènìyàn lọ́fun yẹn á lọ sílẹ̀. Kò ní lọ tán, ṣùgbọ́n á ṣeé jẹ fún àwọn ará Èkó.

Adùkẹ́_Kábà
Ẹ ṣé o, Bàbá. Kajú wà lẹ́yìn ilé wa gan-an. Ìyá ọkọ mi ni wàhálà. Kajú àti mílíìkì kò gbọdọ̀ pàdé nínú ìkùn ènìyàn, wọ́n ní májèlé ni. Bí wọ́n bá rí i tí mo kó wàrà lé kajú, ọdún ti parí.

Nọ́ọ̀sì_Mòpà
Mo gbọ́ èyí láti kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbọ́ ọ. Kì í ṣe májèlé. Èròjà tó ń mú kajú há ọ̀fun, tannin, máa ń dì mọ́ amáradàgbà inú mílíìkì, ìdí nìyẹn tí mílíìkì fi ń dì wájiwàji tí a bá da omi kajú sí i nínú ife. Ẹni tó bá rí ìyẹn, ẹ̀rù á bà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mílíìkì tí a bá mu ní òun nìkan náà ń dì bẹ́ẹ̀ tó bá dé inú ikùn, omi kíkan inú ikùn ló ń ṣe é. Wàrà sì ti dì kó tó dé ọwọ́ yín.

Síbẹ̀, a kì í bá ìyá ọkọ jiyàn lọ́jọ́ ọdún. Ẹ gbé kajú sínú abọ́ tirẹ̀. Àwọn tí kóró kajú tàbí ẹ̀pà máa ń yún lára tún wà, ẹ bi àwọn òbí àwọn ọmọ kí ẹ tó fọ́n kóró kankan sórí nǹkan.

Màmá_Ìsánlú
Abọ́ ọ̀tọ̀ ló dára jù. Fi iyọ̀ àti ata gígún díẹ̀ wọ́n kajú náà. Ìyá ọkọ rẹ gan-an ló máa kọ́kọ́ bu ú.

Alásè_Lọ́kọ́jà
Ìyàwó wa, ẹ kú ìmúra. Iṣẹ́ mi ni oúnjẹ òde, Lọ́kọ́jà ni mo sì ń gbé, níbi tí odò méjì pàdé tí ooru náà pàdé wọn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sí ẹni tó tíì sọ, lẹ́yìn náà mo máa sọ bí mo ṣe máa tò ó bó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ gba àlejò 20.

Ọ̀pẹ òyìnbó ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èso náà ní èròjà kan nínú, bromelain, tó ń jẹ amáradàgbà run. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ọ̀pẹ òyìnbó púpọ̀ tí ahọ́n yín ń ta, òun ni. Wàrà, amáradàgbà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá po méjèèjì pọ̀ láàárọ̀ tí ẹ sì gbé e kalẹ̀ lọ́sàn-án, wàrà á ti rọ̀, á sì ti korò, gbogbo ènìyàn á wá máa sọ pé oníwàrà ta wàrà burúkú fún yín. Ìbẹ́pẹ ní irú tirẹ̀, papain, oje funfun ara rẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń ju ewé ìbẹ́pẹ tàbí ìbẹ́pẹ dúdú sínú ìkòkò ẹran líle. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n dénú kò ní i tó bẹ́ẹ̀. Iná ló ń pa agbára méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ọ̀pẹ òyìnbó dandan, ẹ gé e ní pẹlẹbẹ, ẹ yan án lórí èédú tàbí páànù gbígbẹ títí á fi gbóná dé inú, á fi pọ́n létí, ẹ jẹ́ kó tutù. Ó tún máa ń dùn jù bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí àyè fún ìyẹn, ẹ gé e sọ́tọ̀, kí olúkúlùkù bu tirẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Màńgòrò, wọ́tàmẹ́lọ̀n, ọsàn, kùkúńbà, kò sí ìjà láàárín wọn àti wàrà. Píà náà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń dúdú kíákíá, ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi pa á lára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, èmi kì í fi sí i. Á di ẹrẹ̀ kí àwọn àlejò tó jókòó. Agbálùmọ̀ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà Àjíǹde, bí ẹ bá rí èyí tó dára, ẹ pa á jẹ lọ́tọ̀.

Màńgòrò tó pọ́n ṣùgbọ́n tó ṣì le díẹ̀ ni kí ẹ wá, èyí tí okùn rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká a lára igi ilé tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń lò ni àwọn kan ń kó sábẹ́ màńgòrò láti fi mú un pọ́n, àjọ NAFDAC sì ti ń kìlọ̀ lórí rẹ̀ léraléra. Èyí tó pọ́n yòò lára tí inú rẹ̀ ṣì funfun, tí kò ní òórùn nídìí, mo máa ń fura sí i.

Fún ènìyàn 20: wọ́tàmẹ́lọ̀n ńlá kan, bíi kìlò mẹ́fà sí méje, nítorí èèpo á gba tirẹ̀ níbẹ̀. Màńgòrò ńlá mẹ́fà. Kùkúńbà mẹ́rin. Wàrà kìlò kan, ìyẹn ni pé 50 gíráàmù ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iyán. Bí oníwàrà kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ lọ wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ ẹlẹ́ran.

Omi wọ́tàmẹ́lọ̀n ló máa ń ba sàláàdì yìí jẹ́ jù. Tí ẹ bá gé e tán, ẹ kó o sínú ajọ̀ tàbí asẹ́ lórí abọ́, ẹ jẹ́ kó ro fún ìṣẹ́jú 15. Omi tó bá ro, ẹ fún àwọn ọmọ mu. Ẹ gé kùkúńbà, ẹ fi ṣíbí ha kóró àárín rẹ̀ kúrò, omi náà ló wà níbẹ̀. Ẹ má wọ́n iyọ̀ sí èso rárá. Bí ẹ bá ti wọ́n ọn, gbogbo omi inú rẹ̀ á jáde. Inú wàrà ni iyọ̀ ń gbé.

Omi tó máa mú un dùn, bí mo ṣe ń ṣe é: ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin, oyin ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, atalẹ̀ tútù tí a rin tí a sì fún omi rẹ̀, ìwọ̀n àtàǹpàkò kan, àti ata gígún tí ìka méjì lè mú. Bẹ́ẹ̀ ni, Àkàndé, ata. Ẹ pò ó, ẹ tọ́ ọ wò. Oyin tòótọ́ máa ń tètè bo kíkan omi ọsàn mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ dà á ní díẹ̀díẹ̀. Òróró ólífì kò pọn dandan.

Ti ewé: míǹtì ni ti wọn, efinrin ni tiwa. Efinrin lágbára ju míǹtì lọ, ewé bíi mẹ́wàá tó fún gbogbo abọ́ náà. Ẹ ká a jọ, ẹ rẹ́ ẹ tín-ín-rín nígbà tí ẹ bá ti fẹ́ gbé e kalẹ̀, nítorí bí ẹ bá ti rẹ́ ẹ tó pẹ́, á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì bo ti èso mọ́lẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò bá ti ń wẹwọ́ iyán, ẹ da omi ọsàn sórí èso, ẹ fi ọwọ́ mímọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó wàrà lé e lórí láìrò ó, ẹ fọ́n efinrin, ẹ gbé e lọ. Ẹ̀pà sísun fífọ́ lè wá sórí rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń kọ̀ ọ́ lára.

Àkàndé_Ẹ̀gbẹ̀
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alásè. Òróró, ata, wàrà. Ẹ yọ wọ́tàmẹ́lọ̀n kúrò, ó di ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀.

Adùkẹ́_Kábà
Ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè méjì ṣì kù. Báwo ni mo ṣe máa mú kí èso tutù láìsí iná? Ìkejì, ẹ̀ẹ̀rùn nìyí, àwọn oníwàrà kì í wá déédéé mọ́. Bí wọn ò bá wá lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Olùkọ́_Ọ̀gbìn
Kábà ni mo wà, mo sì ń dáhùn ti àkọ́kọ́. Èso tí ẹ kò tíì gé ni kí ẹ mú tutù, ẹ má ṣe mú èyí tí ẹ ti gé. Èso odidi kì í tètè bàjẹ́. Ẹ ra omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ tò ó sí ìsàlẹ̀ kúlà lálẹ́, ẹ kó wọ́tàmẹ́lọ̀n, màńgòrò àti kùkúńbà fífọ̀ lé e, ẹ tún to yìnyín lé e lórí, ẹ dé e, ẹ má ṣí i mọ́ títí di àkókò tí ẹ fẹ́ gé e. Ẹ fi wàrà àti omi iyọ̀ rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kó wà nínú kúlà kan náà ní tirẹ̀.

Ẹni tí kò rí yìnyín rà lè lo ìkòkò amọ̀ méjì: ńlá kan, kékeré kan nínú rẹ̀, yanrìn láàárín. Ẹ máa da omi sí yanrìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e síbi òjìji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ló ń gbé ooru inú rẹ̀ lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti Jígáwá, ló gbé e kalẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lé e lórí ní 2000. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń rọ̀, agbára rẹ̀ á dín. Fún èso odidi, ó dára. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún wàrà, kò tutù tó.

Màmá_Ìsánlú
Ti ìkejì: òótọ́ ni, koríko ti gbẹ, àwọn màlúù kò ní mílíìkì púpọ̀, àwọn kan nínú gáà sì ti kó ẹran lọ síbi tí omi wà. Fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníwàrà rẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kó mọ̀ pé tìrẹ wà. Ìyẹn ju àdúrà lọ.

Bí kò bá wá rárá, o lè ṣe é nílé. Mílíìkì olómi tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ni kí o rà. Gbé líta kan kaná lórí iná díẹ̀, máa rò ó kó má jóná nídìí. Bó bá ti fẹ́ hó, da omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta sí i, rò ó jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí o dáwọ́ dúró. Wàá rí i tí funfun ń ya kúrò lára omi. Bí omi náà bá ṣì funfun, fi ọsàn díẹ̀ sí i. Sẹ́ ẹ sínú aṣọ funfun tí o ti sè, fi omi tútù ṣan án kí kíkan ọsàn lè lọ, lọ́ ọ, gbé òkúta fífọ̀ lé e lórí fún wákàtí kan. Líta kan á fún ọ ní bíi 150 sí 200 gíráàmù. Ìṣirò rẹ rèé: kìlò kan á gba líta márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ńlá ni. Ṣe ìdajì, kí o gé e wẹ́wẹ́ sí i.

Ewé bòmúbòmú ni àwọn Fúlàní fi ń ṣe tiwọn. Má ṣe dán an wò nílé. Oje rẹ̀ lè ba ojú jẹ́, ìwọ̀n tó yẹ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó fi ṣe iṣẹ́.

ỌmọYàgbà_Lọ́ńdọ̀nù
Èyí kàn ṣèèṣì wá sí mi lọ́kàn: lọ́nà Kútọnu, wọ́n máa ń se wàrà pẹ̀lú èèpo ewé ọkà bàbà títí ara rẹ̀ á fi pupa. Tí wọ́n bá gé e, ẹ̀yìn pupa, inú funfun. Bí ẹ bá rí irú ọkà bàbà pupa bẹ́ẹ̀ ní Kábà, ojú abọ́ yẹn á dára lórí kùkúńbà.

Adùkẹ́_Kábà
Mo gbọ́. Ó ku ẹyọ kan, kí n má baà fi ooru àti ọ̀rọ̀ pa yín: bó bá ṣẹ́kù ńkọ́? Àwọn ará ilé wa kì í fẹ́ da oúnjẹ nù.

Nọ́ọ̀sì_Mòpà
Èyí tí ẹ ti pò pọ̀ tó sì ti jókòó lórí tábìlì, ẹ dà á nù, kí ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ po ìdajì, kí ìdajì wà nínú kúlà. Bí wọ́n bá béèrè sí i, ẹ po ìyókù.

Màmá_Ìsánlú
Wàrà tó bá ṣẹ́kù nínú omi iyọ̀ ní kúlà, tí kò tíì kan èso, tún un sè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, sẹ́ ẹ, dín in, kí o jù ú sínú ọbẹ̀ ata tàbí ẹ̀fọ́ fún oúnjẹ alẹ́. Má tún bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ náà kí o tó tọ́ ọ wò, nítorí wàrà ti gbé tirẹ̀ wá. Omi tó ṣẹ́kù nígbà tí o bá fi mílíìkì ṣe é nílé, fi po ìyẹ̀fun pankéèkì àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí yìnyín bá ṣì wà nínú kúlà. Omi iyọ̀ tí o fi se wàrà ọjà, ìyẹn kò wúlò mọ́, gbé e dànù.